Owó Alájẹṣẹ́kù Kì í Ṣe Owó Ṣíà

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàrin wa, ó sì tó kí a sọ ọ́ síta kí ọjọ́ ìpàdé tó dé. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi ra ṣíà báńkì. Wọ́n ní ọjà ṣíà ti gbéra, wọ́n ní àwọn olówó ń fi í di olówó sí i, wọ́n wá ń bi wá pé kí ló dé tí lébìrà yóò fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí yóò máa wo mọ́tò tó ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. A kò sì bínú sí ẹni tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ní nǹkan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a lòdì sí i, a ó sì dìbò lòdì sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé a kò mọ ohun tí à ń pè ní ṣíà ni.

Ṣíà kì í ṣe tẹ́tẹ́, kì í sì í ṣe CBEX. Gbogbo wa ni a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní April 2025, nígbà tí CBEX ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn, tí àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè Àdó níhìn-ín, tí wọ́n ru àga, tí wọ́n ru tábìlì. Àjọ SEC tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà sọ pé òun kò fún un ní ìwé àṣẹ rí. Ṣíà yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ìpín gidi ni nínú ilé iṣẹ́ tó wà lórí ilẹ̀, tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì tàbí bíà tàbí ọṣẹ. Bí ilé iṣẹ́ náà bá jèrè, tí àwọn olùdarí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ìwọ náà yóò gba díẹ̀ nínú èrè náà. Láti 1961 ni wọ́n ti ń ná ọjà yìí ní Èkó, ó sì ní ẹ̀ka nílùú Ìbàdàn níhìn-ín láti 1990. Nígbà tí ìjọba gbé òfin jáde ní 1977 pé kí àwọn òyìnbó ta ìpín ilé iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, òfin náà ní kí wọ́n ya ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá. Nítorí náà ẹ̀tọ́ wa ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, a kò sì ní sọ fún lébìrà kankan pé kó sá fún ṣíà bí ẹni sá fún ejò.

Owó wo ni a ó fi rà á? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí 2008, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa lónìí ṣì wà nílé ìwé nígbà náà. Ní 2004 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀, kéde pé báńkì tí kò bá ní bílíọ̀nù 25 náírà ní òpin 2005 yóò ti ìlẹ̀kùn. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, 25 ló kù. Kí wọ́n tó rí owó yìí kó jọ, ṣíà ni wọ́n ń tà, nígbà tí wọ́n sì rí i pé ó ń yá, wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n tà á dé ọjà, wọ́n tà á dé ọgbà ilé iṣẹ́, wọ́n tà á dé ilé ìjọsìn. Èyí tó wá burú jù ni pé báńkì tó ń ta ṣíà ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ṣíà. Ẹni tí kò ní owó rárá wá di ẹni tó ní ṣíà, gbogbo ayé sì ń yọ̀.

Ní March 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà pọ̀ dé 66,371. Nígbà tí March 2009 fi máa parí, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 náírà, 30 náírà ló kù lọ́wọ́ ẹni tó rà á lókè. Òwò ti dojú rú ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn òyìnbó tó kó owó wá síbí sì ti kó o padà. Àwa ni a kò rí ibi gbà jáde. Ní ìparí August 2008, àwọn aláṣẹ ọjà ṣíà ṣòfin pé ṣíà kankan kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè fi ìdá márùn-ún gòkè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ìbẹ̀rù dínkù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi 20 náírà ra ohun tó mọ̀ pé kò tó 10 náírà mọ́? Àwọn tó fẹ́ tà tò bí ẹní tò sí ilé epo, ẹni tó fẹ́ rà kò sí. Ó di October kí wọ́n tó yí òfin náà padà.

Ní February 2010, Sanusi Lamido Sanusi, tó ti di gómìnà Báńkì Àpapọ̀, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Bayero ní Kánò. Ó ní Afribank fi owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ ra ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà tí òun fúnra rẹ̀ gbé jáde fún títà, pé 25 náírà ni ó rà á nígbà tí wọ́n ń tà á ní 11 náírà lọ́jà, àti pé ṣíà náà padà já sí ìsàlẹ̀ 3 náírà. Ẹ fi ara balẹ̀ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń tajà ló ń ra ọjà ara rẹ̀ lábẹ́ àṣírí, kí àwa tí à ń wò ó lókèèrè lè rò pé ọjà ń yá. Ní August 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank pẹ̀lú ti Bank PHB àti Spring Bank. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó rẹ̀ gbà. Ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀ kò rí kọ́bọ̀.

Ohun tó ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí wọ́n ṣe pín ìyà náà. Bílíọ̀nù 620 náírà ni Báńkì Àpapọ̀ tú sínú àwọn báńkì tó ń kú lọ ní 2009. Ní December 2012, ìjọba kéde pé àwọn dárí gbèsè bílíọ̀nù 22.6 náírà ji ilé iṣẹ́ alágbàtà ṣíà 84, kí ọjà lè padà bọ̀ sípò. Ó dára. Ta ló dárí gbèsè ji lébìrà tó yá owó ra ṣíà? Wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, ni.

Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n sì ń kọ ìwé, pé nígbà tí ọjà bá ń mì, kí ènìyàn má bẹ̀rù, kó ní sùúrù, kó pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, nítorí ọjà a máa padà gòkè. Wọ́n ní òpè tó bẹ̀rù tó tà nígbà tó wálẹ̀ ni ó ba ara rẹ̀ jẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni a kò fẹ́ gbọ́ mọ́ níwájú òṣìṣẹ́. Àwọn tó tà ní 2008 kì í ṣe òpè, ẹ̀rù kọ́ ló sì bà wọ́n. Owó ilé ìwé ọmọ kò mọ̀ pé ọjà wálẹ̀. Onílé kò mọ̀ pé ọjà wálẹ̀. Awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ kọ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọjà'bà kò lè sọ fún mẹkáníìkì pé kó ní sùúrù kí ọjà padà gòkè ná. Sùúrù máa ń rọrùn fún ẹni tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ ti wà nílé.

Ṣé ọjà náà kò padà ni? Ó padà. Ọdún 2023 ni òǹkà náà tó kọjá ibi tó wà ní March 2008. Ọdún 15! Ẹni tó jẹ́ ẹni 48 nígbà tó rà á ti pé 63. Dọ́là kan kò tó 120 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ó ti kọjá 700 náírà kí 2023 tó parí, nítorí náà òǹkà tó padà kì í ṣe owó tó padà. Àwọn tí báńkì tiwọn kú láàrin kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò yẹn rárá. (Ẹ ṣáà ti rí owó oṣù tó kéré jù lọ pẹ̀lú: ó jẹ́ 18,000 náírà nínú òfin 2011, ó di 70,000 nínú ti 2024. Kí ẹni tó bá ra gàrí ní 2011 wá sọ fún wa bóyá ó ti di ìlọ́po mẹ́rin ní ìkòkò rẹ̀.)

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí àwọn olùkọ́ni wọ̀nyí kì í sọ. Nígbà tí ọjà bá wó, iṣẹ́ náà a máa wó pẹ̀lú rẹ̀. Olówó lè pàdánù nínú ṣíà kí ilé rẹ̀ tó ń gbà lówó ṣì wà. Lébìrà lè pàdánù ṣíà ní ọjọ́ Ajé kí ó gba ìwé ìdádúró ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wo Dunlop ní Ìkẹjà, tí gbogbo awakọ̀ wa mọ táyà rẹ̀. Ìparí 2008 ni wọ́n dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró níbẹ̀, ọdún tí ọjà wó gan-an. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì tún kó owó rẹ̀ lé ṣíà rẹ̀, ojú kan náà ni ó ti pàdánù méjèèjì. Ṣíà náà jókòó sí 50 kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé 50 kọ́bọ̀ yẹn ni ó tó: òfin ọjà nígbà náà ni kò jẹ́ kí ṣíà kankan lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ rà á ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù fúnra rẹ̀, nítorí ìtàn kan wà ní Ìbàdàn tí àwọn tó mú àbá yìí wá kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ni ọ̀pọ̀ wọn, dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní ìlú yìí. Báńkì náà pẹ́, ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Nígbà tí òfin bílíọ̀nù 25 dé, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn dà pọ̀ di Skye Bank ní 2006. Ní September 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Skye Bank, wọ́n dá Polaris Bank sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ kò sọnù. Ṣíà sọnù pátápátá, títí kan èyí tí ó ti ọwọ́ àwọn alájẹṣẹ́kù wá. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n. Bí báńkì bá kú, àjọ NDIC a máa san owó ẹni tó fi owó pamọ́, láti 2024 ó ti di mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kan. Fún ẹni tó ní ṣíà, NDIC kò mọ̀ ọ́n rí. Òun ló ni báńkì, òun náà ló ni òfò.

Báyìí ni yóò ṣe rí bí a bá gba àbá yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 100,000 náírà lọ́dọ̀ wa. A yá a ní ìlọ́po méjì, 200,000, ó fi ra ṣíà. Bí ọjà bá ṣe bíi ti 2008, 60,000 ló kù fún un, bẹ́ẹ̀ gbèsè rẹ̀ ṣì jẹ́ 200,000 pẹ̀lú èlé. Bí kò bá rí i san, ta ni a ó mú? Onídùúró rẹ̀ ni. Ta sì ni onídùúró rẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dúró ti ẹ̀rọ, tí kò ra ṣíà kankan, tó kàn fi ọwọ́ sí ìwé nítorí ìfẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ àádọ́ta ènìyàn ló jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí September bá dé tí ìyá ọmọ bá wá yá owó ilé ìwé, a ó sọ fún un pé àpótí ti gbẹ. Owó tó jẹ́ ti ìyá ọmọ yẹn ni wọ́n fẹ́ kí a fi dán ọjà wò. Owó alájẹṣẹ́kù ní ọjọ́ lórí. Ọjọ́ ìsìnkú ni, ọjọ́ ìbímọ ni, ọjọ́ tí táyà bẹ́ ni. Ṣíà kò sì mọ ọjọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n yóò sọ pé ìgbà yìí yàtọ̀. Ní January 2024 òǹkà ọjà kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Ní March ọdún kan náà, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé òfin tuntun jáde: bílíọ̀nù 500 náírà fún báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún èyí tó ń ṣe é káàkiri Nàìjíríà nìkan, ó sì fún wọn di 31 March 2026. Báńkì tún gbé fọ́ọ̀mù ṣíà jáde. Ẹ̀yin tí ojú yín wà ní 2005, ṣé orin náà kò jọ? A kò sọ pé yóò parí bí ti ìṣáájú. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn tó jìn sí kòtò yẹn ṣì wà láàrin wa, ẹ lọ bi wọ́n.

Fún ẹni tó ní owó tirẹ̀, tí kò yá, tí kò sì ní ọjọ́ lórí, tí ó lè gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ilé má tú, ọ̀nà rẹ̀ là. Kó lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tí SEC fún ní ìwé àṣẹ, kó ra díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn kò jọra, kó má kó gbogbo rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ tó ń sanwó oṣù fún un. Bí ọjà bá wó, kò sí gbèsè tí yóò lé e, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi sáré tà. Òun nìkan ni ìmọ̀ràn àwọn ará rédíò bá mu.

A kò sì tíì sọ̀rọ̀ ṣíà tí gbogbo wa ti ní láìmọ̀. Òfin 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wa fún ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá kún un. Àwọn tó ń tọ́jú owó yìí ń fi apá kan rẹ̀ ra ṣíà. Àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni a lè fi owó wọn ra púpọ̀, bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń dín in kù, nítorí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní àkókò láti dúró de ọjà. Ẹ rí i bí wọ́n ti gbọ́n tó nígbà tí òfin bá mú wọn! Dípò kí á máa du ṣíà kékeré pẹ̀lú owó àyálò, níhìn-ín ló yẹ kí ẹgbẹ́ ti gbé ariwo sókè. Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ti san owó ìfẹ̀yìntì náà síbi tó yẹ. Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ owó yín, ìgbà wo ni ẹ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kẹ́yìn lórí fóònù? Agbanisíṣẹ́ tó yọ ọ́ tí kò san án ti fi owó wa ṣòwò láìbi wá, kò sì sí ọjà kan tó lè wó tó ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ní ìpàdé, a ó gbé àbá méjì síwájú yín ní ìdojúkọ tiwọn. Èkíní, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó fún ṣíà, bó ti wù kí fọ́ọ̀mù náà dán tó. Èkejì, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀wé sí gbogbo agbanisíṣẹ́ wa láti béèrè ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti san, ní oṣooṣù, pẹ̀lú orúkọ.

Láti 2018 ni SEC ti ń sọ pé èrè ṣíà tí àwọn tó ni ín kò wá gbà ti lé ní bílíọ̀nù 100 náírà, a sì mọ̀ pé ti àwọn lébìrà wà níbẹ̀, nínú ìwé ṣíà tí bàbá ra tó kú tó fi sílẹ̀ sábẹ́ ẹní. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, bó ti wù kó gbó tó, kó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú nọ́ńbà báńkì àti BVN rẹ̀. A ó bá a kọ fọ́ọ̀mù tí èrè náà yóò fi máa wọ báńkì rẹ̀ tààrà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú, kó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá pẹ̀lú, nítorí tirẹ̀ yóò gba ilé ẹjọ́ kọjá, yóò sì pẹ́ díẹ̀.